Mo Kọ Ọ́ sí Fọ́ọ̀mù Pé Òkun Ń Pa Mí

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá mọ ìyá mi nínú yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó má sọ fún un pé mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn. Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò ì tíì gbàgbé. Ìyá mi kì í gbàgbé nǹkan.

Orúkọ mi ni Ato Baiden. Nsuano ni wọ́n bí mi sí, ìlú àwọn apẹja ní etíkun Gánà. Ìyá mi, Araba Tawia, ń yan ẹja tà. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Wofa Anaman, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ló dúró bíi bàbá fún mi. Òun ló ni ọkọ̀ apẹja tí wọ́n kọ “Ọlọ́run Ò Sùn” sí lára. Ẹja ló rán mi nílé ìwé láti kékeré títí mo fi wọ yunifásítì, ogún ìṣẹ́jú péré sì ni mọ́tò ń rìn láti ilé wa dé yunifásítì náà.

Ìsúnmọ́lé yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ní etíkun wa, ọkọ̀ kì í wọ òkun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ọkùnrin á máa tún àwọ̀n ṣe, àwọn obìnrin á ráyè fún ara wọn. Ìyá mi ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń ráyè wá. Á gbé abọ́ ẹja yíyan rù, á dúró sísàlẹ̀ họ́sítẹ̀lì wa, á sì gbé ohùn sókè.

“Ato o! Ato ọmọ Araba! Sọ̀ kalẹ̀ wá gba ẹja rẹ kí eṣinṣin tó gbà á!”

Àjà mẹ́rin ni họ́sítẹ̀lì wa ní. Àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń bá a gbè é. “Ato o! Sọ̀ kalẹ̀ wá gba ẹja rẹ!” Kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Baiden mọ́. Ato Ṣáwá ni mí. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tilẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé ìdánwò mi, ó rò pé orúkọ bàbá mi ni.

Mo fara dà á, àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọdún kejì. Mo jókòó pẹ̀lú Dufie lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú họ́sítẹ̀lì. Ọmọ Kùmásí ni Dufie, ẹ̀ka kan náà la wà, ó sì ti tó oṣù méjì tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa bá a sọ̀rọ̀. Mo ń sọ fún un pé Wofa mi ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi.

“Ọkọ̀ mélòó ni wọ́n ní?” ó bi mí.

“Wọn ò tíì pọ̀,” mo ní. “A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.”

Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tó kàn ni mo ti gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

“Ato! Ta lọmọ arẹwà yìí? Háà, ó mà rù o! Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ ni? Gbà, ọmọ mi, jẹ orí ẹja yìí. Orí ẹja ló ń jẹ́ kí ìwé yé èèyàn.”

Kí n tó ṣẹ́jú, ìyá mi ti yọ orí ẹja ńlá kan, ó ti gbé e lé orí ìwé Dufie. Òróró ẹja ń ṣàn lọ sórí àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dufie kò bínú o. Ó dúpẹ́, ó jẹ ẹ́, ó pọ́n ìka lá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè ti rí wa.

“Ato Ṣáwá ti fẹ́yàwó o! Orí ẹja ló fi san ìdána!”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ fún Jojo Arhin, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, pé mi ò lè ṣe é mọ́. Mo fẹ́ pààrọ̀ yunifásítì. Mo fẹ́ lọ sí Kùmásí, láàárín gbùngbùn ilẹ̀, níbi tí mọ́tò ẹlẹ́ja kankan kò ní lè já ìyá mi sí.

Jojo kò mọ ìwé tirẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ òfin yunifásítì ju àwọn tó kọ ọ́ lọ. Ó bá mi wá fọ́ọ̀mù, ó sì fi ìka sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tí èèyàn fi fẹ́ kúrò.

“Ìdí mẹ́ta péré ni wọ́n ń gbà,” ó ní. “Kí òbí rẹ kó lọ sí ìlú mìíràn.”

“Ìyá mi kò ní kó lọ síbì kankan.”

“Mo mọ̀. Kò sí ṣáwá lórí òkè. Èkejì, kí ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ kọ́ má sí níbí.”

“Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.”

“Nígbà náà, ṣàìsàn.”

“Àìsàn wo?”

“Kí ló wà níbí tí kò sí ní Kùmásí?”

Mo ronú títí. “Òkun.”

Jojo pàtẹ́wọ́. “Ó parí! Òkun ló ń ṣe ọ́, ọ̀rẹ́ mi. O ti ń kú lọ, o kò mọ̀.”

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú bírò, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń pè é fún mi. Mo kọ ọ́ pé ìgbèríko ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ àǹtí mi, níbi tí kò sí omi ju odò kékeré kan lọ. Mo kọ ọ́ pé láti ìgbà tí mo ti dé etíkun ni afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti ń dí mi ní èémí. Mo ní àyà ń fún mi, mo ní mi ò lè sùn.

Jojo kà á, ó mi orí. “Ó dáa, ṣùgbọ́n fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i.”

“Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?”

“Kọ ọ́ pé imú rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àánú kì í ṣe àwọn èèyàn wọ̀nyí láìsí ẹ̀jẹ̀.”

Mo kọ ọ́.

Olórí ẹ̀ka wa ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Quaison ni. Gbogbo wa ló ń bẹ̀rù obìnrin náà. Bí fóònù bá dún ní kíláàsì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbà á, tó máa gbé e, tó sì máa sọ fún ẹni tó pè pé, “Ọmọ yín ń ṣeré nílé ìwé.” Mo dúró níwájú tábìlì rẹ̀. Ó ka ìwé mi dé òpin. Ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ awò ojú rẹ̀, mo sì rí i pé omi ti lé ròrò sí i lójú.

“Ọmọ mi,” ó ní, “kí ló dé tí o kò sọ láti ọjọ́ yìí?”

Ó ṣí àpò rẹ̀, ó yọ oògùn kékeré kan tí wọ́n máa ń fà sẹ́nu. “Èmi náà ní ikọ́ fée. Mo mọ ohun tí èèyàn ń rí bí èémí bá há sí i láyà. Ìwọ sì ń jókòó sídìí fèrèsé òkun lójoojúmọ́, o kò wí nǹkan kan!”

Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, bóyá ǹ bá sọ òótọ́. Àánú rẹ̀ ló pa mí lẹ́nu mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ kíláàsì, ó sì kéde. “Láti òní lọ, fèrèsé tó kọjú sí òkun kò gbọdọ̀ ṣí nígbàkígbà tí Ato Baiden bá wà níbí. Ẹni tó bá ṣí i, ẹ̀mí ọmọlàkejì rẹ̀ ló ń fi ṣeré.”

Oṣù kẹrin ọdún ni a wà. Ọgọ́fà akẹ́kọ̀ọ́ ló wà ní kíláàsì náà. Fáànù ibẹ̀ ti bàjẹ́ kí n tó wọlé.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó kù. Gbogbo wọn ló mọ̀ mí. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ohùn ìyá mi. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe jáde báyìí, wọ́n yí mi ká, òógùn ń kán lójú oníkálukú wọn.

“Ato Ṣáwá, òkun ló ń pa ìwọ?”

“Ṣáwá tí omi ń pa! Ayé mà ti bàjẹ́ o!”

“Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún Màdáámù.”

Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin sísanra kan tí ooru ń yọ lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ, ló mú àbá wá. “Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ta akẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò bá jẹun kì í pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Kí ìyá ẹ máa mú ẹja wá.”

Bí èmi tí mo ń sá fún ẹja ṣe di ẹni tó ń wá ẹja kiri nìyẹn. Mo pe ìyá mi. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹja pọ̀ sí i. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà, wọ́n ń tún ti iwájú ṣe.”

Inú rẹ̀ dùn gan-an. “Ato, ṣé lóòótọ́? Mo ti rò pé ẹja ti sú ọ.”

“Kò sú mi, Màámi. Mo fẹ́ràn rẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, abọ́ méjì ló rù wá. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ó gba ọmọlanke. Èmi ni mo ń pín in ní ẹ̀yìn kíláàsì bí ẹni pín oúnjẹ ìsìnkú, ẹja mẹ́ta fún ọ̀wọ́ iwájú, mẹ́ta fún ọ̀wọ́ ẹ̀yìn. Ní kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, pẹ̀lú òógùn ọgọ́fà èèyàn àti òórùn ẹja yíyan, ẹ fúnra yín ẹ fojú inú wò ó. Dufie máa ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀, á wojú mi, á ní, “Ato, ẹja ìyá rẹ dùn o. Ṣùgbọ́n irọ́ rẹ gbóná jù.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ orúkọ ìnagijẹ mi lọ́jọ́ kan. Ó dá mi dúró. “Kí ló dé tí wọ́n ń pè ọ́ ní Ṣáwá?”

“Nítorí mo tín-ín-rín ni, Mà.”

Ó mi orí tàánútàánú. “Àìsàn náà ni. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.”

Lẹ́tà tó kọ ránṣẹ́ sí Kùmásí nítorí mi, ojú ewé méjì gbáko ni. Wọ́n fèsì pé àwọn ti rí i, pé ó ku kí òbí mi fọwọ́ sí ìwé kan tó jẹ́rìí sí àìsàn náà.

Mo lè dá a dúró níbẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ gan-an ni mo ti di ọ̀dàlẹ̀, nítorí kí n tó dé ibẹ̀, irọ́ mi ni mo ń pa. Láti ibẹ̀ lọ, mo fi irọ́ náà sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Mo bá ìyá mi nídìí ààrò, èéfín bò ó mọ́lẹ̀. Kò lè kàwé. Mo na ìwé náà sí i.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?” ó bi mí.

“Wọ́n ní kí n wá kàwé ní Kùmásí, Màámi. Wọ́n ní mo mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ka sí i.”

Ó dìde. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó nù ún mọ́ aṣọ, ó gbé e sí imú, ó tún padà lọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí òórùn ẹja má baà wà lára ìwé ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tuntun sùn. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi títí ó fi ṣe tán.

Kí n tó ká ìwé náà tán, ó ti ń sáré lọ sí etí omi. “Ẹ gbọ́ o! Kùmásí ti ránṣẹ́ pe ọmọ mi! Wọ́n ní ibi tó wà kò gba ọpọlọ rẹ̀ mọ́!” Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja bú sórin. Wọ́n fi ìyẹ̀fun funfun kùn mí ní ọrùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó jàre ẹjọ́ lọ́dọ̀ wa.

Wofa Anaman gbọ́, ó sì ránṣẹ́ pè mí.

“Ọmọ àbúrò mi,” ó ní, “o ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, ọdún ọ̀sà ń bọ̀. Ìwọ lo máa dúró ní ìdí ọkọ̀.”

Ní ọdún ọ̀sà, àwọn ọkọ̀ wa máa ń díje lórí omi ọ̀sà, níbi tó ti ń wọ inú òkun. Ọdún tó kọjá, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní “Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Wí” ló fi imú lásán ṣáájú wa. Láti ọjọ́ náà, Wofa kì í kọjá níwájú ilé ẹni tó ni ín.

“Wofa, mo fẹ́ kàwé ni.”

“Ta ló ní kí o má kà á? Ṣé orí omi lo ti máa ń kàwé ni? Ta ló tún mọ ọkọ̀ darí tó ọ ní Nsuano? Àbí Kùmásí ti ń gùn ọ́ kí o tó débẹ̀?”

Mo béèrè ẹni tó ń bọ̀ wá fi ife ẹ̀yẹ lélẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá àgbà yunifásítì fúnra rẹ̀ ni. Ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀gá àgbà kò dá mi mọ̀ yàtọ̀ sí òpó iná.

Ọjọ́ pé. Èrò kún etí ọ̀sà bí ìyanrìn. Àwọn méjìlá ló ń tukọ̀, Wofa wà ní iwájú, èmi sì dúró gbangba ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ gígùn tí mo fi ń darí. Ìhòòhò ni mí dé ìbàdí. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí mi lójú, kò sì sí ohun tó dùn tó o lágbàáyé. Nígbà tí a fi dé agbede méjì, a ti fi ọkọ̀ odindi kan ṣáájú “Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Wí.”

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá àgbà yunifásítì kò ráyè wá. Ẹ bá wa kí ẹni tó rán wá ṣojú rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Quaison!”

Mo wo abẹ́ ìbòòrùn. Òun ni. Ó ró kẹ́ńtè, ó jókòó síwájú, ó gbé ọwọ́ síwájú orí kí ó lè ríran dáadáa. Ọkọ̀ tó ṣáájú ló sì ń wò.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì.

Èèyàn méjìlá ń tukọ̀, kò sẹ́ni tó ń darí. Ọkọ̀ yí imú padà.

“Ato! Dìde!” Wofa ké. “Ọkọ̀ ń lọ sí èbúté!”

“Wofa, inú ń run mí!”

“Jẹ́ kó máa run ọ́ lórí ìnàró! Darí ọkọ̀!”

“Wofa, mi ò lè dìde!”

“Ṣé wọ́n dè ọ́ ni?”

Wọ́n ń tukọ̀ lọ tagbáratagbára, wọ́n tẹ orí mọ́lẹ̀, wọn ò rí ohun tó ń bọ̀. “Ọlọ́run Ò Sùn” dorí kọ ìbòòrùn àwọn àlejò pàtàkì, ó sáré bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wọn jọ. Ọkọ̀ gbá ẹrẹ̀ abẹ́ omi kó tó dé ilẹ̀, ó dúró gbagidi. Èmi nìkan ni mi ò dúró. Mo fò kọjá lórí Wofa, mo sì já sínú omi níwájú ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n Quaison, bóyá ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn nínú omi náà. Mo ní kí n kúkú jókòó síbẹ̀. Mo lè di èémí mú pẹ́. Tí wọ́n bá fi ife ẹ̀yẹ lélẹ̀ tán, wọ́n á lọ sílé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó sọ fún mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fò dìde. “Ato Baiden ni! Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni! Ẹ gbà á, òkun máa ń pa á!” Ó bọ́ bàtà, ó sì wọ inú omi lọ tòun ti kẹ́ńtè rẹ̀, oògùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá mi ti sáré débẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Màdáámù, ẹ má da ara yín láàmú. Ìyẹn? Ó lè sùn sábẹ́ omi.”

“Ìyá, ẹ ò mọ̀ ọ́n! Bí afẹ́fẹ́ òkun bá kàn án, imú rẹ̀ a máa ṣẹ̀jẹ̀!”

“Imú ta ni? Èmi ni mo bí i! Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ni wọ́n ti fi omi òkun kàn án lẹ́nu!”

Ibi tí èémí mi parí sí nìyẹn. Mo yọ orí sáàárín àwọn méjèèjì. Mo yanu láti mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ki oògùn bọ̀ mí lẹ́nu, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo húkọ́ lóòótọ́.

“Ṣé ẹ rí i?” Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Àfi bí ó ṣe wò mí dáadáa. Ó wo iṣan apá mi. Ó wo ọkọ̀. Ó wo ìyá mi, ó sì wo ojú mi tó jọ tirẹ̀ bí ìmumu. Mo rí i bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́ lórí díẹ̀díẹ̀.

“Ìyá,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “ẹ̀yin lẹ tẹ̀ka sí ìwé yẹn?”

“Èmi ni. Mo tẹ̀ka pé ọmọ mi mọ̀wé.”

“Ìyá, ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé òkun ń pa ọmọ yín. Pé kò mọ òkun rí kó tó dé ilé ìwé.”

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá mi. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, ó wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

“Ìka mi lo fi purọ́, Ato?”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. “Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Wí” gba ife ẹ̀yẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì fi aṣọ tó ń kán tótó gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Kò ní kí n jókòó.

“Oṣù mẹ́ta ni mo fi ti fèrèsé,” ó ní. “Ṣé o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òkun yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí èmi rímú mí? Nítorí rẹ ni mo ṣe ń fa oògùn lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́.” Ó ní kí n fúnra mi kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí Kùmásí kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á gbé mi lọ síwájú ìgbìmọ̀.

Mo délé, mo sì bá lẹ́tà Kùmásí lórí ìjókòó. Wọ́n ti gbà mí. Wọ́n tilẹ̀ bá mi wá yàrá sórí òkè, níbi tó jìnnà sí omi gbogbo, kí ara mi lè tètè yá.

Ìyá mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Kẹńkí, ẹ̀kọ àgbàdo ilẹ̀ wa, àti ẹja ló ń gbé síwájú mi, á sì yí ẹ̀yìn. Mo na lẹ́tà náà sí i.

“Kà á,” ó ní. “Kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́.”

Mo kà á. Ó ní kí n mú ẹ̀dà èyí tí èmi kọ́kọ́ kọ náà wá, kí n kà á. Ẹ̀yin ará, mo ti ṣe ìdánwò oríṣiríṣi, mi ò tíì rí èyí tó le tó o. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀jẹ̀, ohùn mi ti wọlẹ̀.

“Bí èèyàn bá fẹ́ gba ìka rẹ̀ padà lórí ìwé,” ó bi mí, “kí ló máa ń ṣe?”

“Á kọ ìwé mìíràn.”

“Mú bírò.”

Ó jókòó, ó ká apá lé àyà, ó sì ń pè é, èmi sì ń kọ ọ́:

“Èmi Araba Tawia tó ń yan ẹja ní Nsuano, mo kí gbogbo ẹ̀yin ará Kùmásí. Mo kí ọ̀gá yín, mo kí ẹni tó ń ka ìwé yìí, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀.”

“Màámi, wọn kì í kí ọmọ èèyàn nínú irú lẹ́tà yìí.”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìwà ọmọlúàbí? Kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́.

“Ẹ ṣeun tí ẹ gba ọmọ mi. Òkun kò ṣe é ní nǹkan kan. Inú ọkọ̀ ló ti kọ́ ìrìn. Ìtìjú ló ń ṣe é. Bí ẹ bá ní oògùn ìtìjú lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ iye rẹ̀, màá rà á. Ààyè tí ẹ fún un, ẹ gbé e fún ọmọ tó ń ṣàìsàn lóòótọ́. Ìka tí mo tẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, wọ́n fi irọ́ gbà á lọ́wọ́ mi ni. Èyí tí mo tẹ̀ síbí, èmi ni.”

Kò gbà mí gbọ́ pé mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́rú, ọjọ́ tí ọkọ̀ kún fún ẹja, ó fi ààrò rẹ̀ sílẹ̀, ó fà mí lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kó ka ìwé náà sí òun létí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á. Nígbà tó dé ibi oògùn ìtìjú, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín títí tó fi di pé ó ń wá oògùn tirẹ̀ nínú àpò. Ìyá mi náà bá a rín in. Èmi nìkan ni mi ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìka ìyá mi, ó sì sọ fún mi pé títí mo fi máa jáde, èmi ni màá máa ṣí gbogbo fèrèsé kíláàsì láràárọ̀.

Inú mọ́tò la wà nígbà tí ìyá mi tó béèrè.

“Ato, èwo ló ń tì ọ́ lójú gan-an? Ẹja ni, àbí èmi?”

Mi ò fẹ́ tún purọ́. “Ohùn yín ni, Màámi. Ẹ máa ń pariwo jù.”

Ó yí sí mi. “Àjà kẹrin lo wà! Ṣé kí n máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ni?”

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi, mo ní èéfín ni.

Mo ti jáde ní yunifásítì náà báyìí, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan pé kó má lọ. Ẹ lọ. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti kàwé. Ṣùgbọ́n ìdí tí ẹ kò bá lè kà sókè níwájú ìyá yín, ẹ dákun, ẹ má kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.